Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ẹgbẹ́ Alápatà Lórí Eegun Tí À Ń Rà fún Ajá

Bàbá Alága,

Dókítà ẹran ni mí níhìn-ín nílùú Ìbàdàn, ajá ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi. Mo lè wá bá yín nílé kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tó ń tà, ó kan ẹni tó ń rà, ó sì kan ọmọ tó ń bá ajá ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba.

Àpò kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: àpò sìmẹ́ǹtì tó máa ń wà lábẹ́ àtẹ, tí àwọn ọmọọṣẹ́ yín ń ju nǹkan sí láti àárọ̀ títí ọjà á fi tú. Ẹni tó bá ní ajá nílé á dé nírọ̀lẹ́, á ní, "Ẹ bá mi di eegun ajá," wọ́n á sì bù ú sínú ọ̀rá dúdú láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo da ọ̀kan nínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sórí páànù ní kílíìnì mi, nígbà tí ẹni tó rà á gbé ajá rẹ̀ wá. Pátákò ló kọ́kọ́ yí jáde, irun ṣì wà lára rẹ̀. Eegun itan màlúù tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi ayùn gé e ní òrùka-òrùka, mùdùnmúdùn wà láàárín. Eegun àgbọ̀n ewúrẹ́ wà níbẹ̀ tòun ti eyín. Èérún tí àáké fọ́ wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Fùkù kan wà níbẹ̀ tó ní kókó lára. Mo fi ọ̀bẹ la kókó náà, ohun tó ki, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ló wà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ègé ìgẹ̀ màlúù méjì, ẹran ṣì wà lára wọn. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin náà fowó rà, ìgẹ̀ méjì yẹn nìkan ni mo lè fọkàn balẹ̀ jù sí ajá.

Mo mọ bí àpò náà ṣe ń kún, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ń ṣe ìkà. Eegun tó dáa ti ní ẹni tó ń dúró dè é: oníbókòtò ń kó ẹsẹ̀, àwọn tó ń se ọbẹ̀ ata fún ọlọ́tí ń kó ìrù, ìyàwó ilé ń mú eegun ẹ̀yìn. Ohun tí gbogbo wọn bá kọ̀ ló ń bọ́ sínú àpò. Mo tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í fẹ́ kí ajá sún mọ́ àtẹ rárá, kí itọ́ rẹ̀ má bàa kan aṣọ tí ẹ fi ń kírun. N kò ní kí ẹ yí ìyẹn padà. Àmọ́ owó ń wọlé lórí àpò yẹn, Bàbá Alága, ohun tí a bá sì ti ń gbowó lé lórí ti di ọjà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan á bínú pé mo tilẹ̀ ń la ẹnu sọ̀rọ̀ eegun tútù. Wọn ò jẹ̀bi. Láti 2012 ni AVMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà, ti ní kí àwọn èèyàn má ṣe máa fún ajá àti ológbò ní ẹran tí iná ò kàn, nítorí kòkòrò àrùn. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, Ian Billinghurst, dókítà ẹran ní Ọsirélíà, gbé ìwé kan jáde ní 1993, Give Your Dog a Bone, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ló sì tìtorí ìwé náà padà sídìí eegun tútù. Èmi ò sí lẹ́yìn apá kankan nínú wọn délẹ̀délẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní Ìbàdàn yìí, dókítà fẹ́ o, dókítà kọ̀ o, ajá á jẹ eegun. Oúnjẹ ajá alápò ti wọ́n gógó, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ àná ni ọ̀pọ̀ ilé ń bù sílẹ̀, eegun ni wọ́n sì ń fi kún un. Irú eegun wo ni? Ibẹ̀ ni mo wà.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu ajá bẹ̀rẹ̀. Ajá tó ti dàgbà ní eyín 42. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti tòsì, eyín ńlá kọ̀ọ̀kan wà tó ń pàdé ti ìsàlẹ̀ bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Òun ni ajá fi ń gé ẹran, òun náà ló fi ń fọ́ eegun. Àgbọ̀n ajá kì í rìn sọ́tùn-ún sósì bíi ti ewúrẹ́, ṣíṣí àti pípadé ló mọ̀. Ohun dídán tó bo eyín rẹ̀ níta kò sì nípọn tó tiwa, kò tó mìlímítà kan. Nítorí náà, tí eyín yẹn bá bá eegun tó le jù ú pàdé, eyín ló máa gbà fún eegun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣí kúrò ní abala kan. Ajá ò ní sunkún, á ṣì máa jẹun, ó kàn lè máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nǹkan á wú lábẹ́ ojú rẹ̀, olówó ajá á ní oyin ló ta á, á máa fi àdí pa á. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, gbòǹgbò eyín ti kẹ̀, ọyún ti ń wá ọ̀nà gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde.

Ohun tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú irú eyín kíkán bẹ́ẹ̀ ni eegun ẹsẹ̀ àti itan màlúù. Eegun tó gbé màlúù dúró láti ọmọ títí ó fi dàgbà ni, tó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti òkè Ọya wá tẹ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó gba iṣẹ́ náà ṣe. Kí ni ẹ fẹ́ kí eyín ajá ṣe fún un? Pátákò náà ńkọ́? Ọ̀kan náà ni wọ́n. Àyẹ̀wò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe níwájú àtẹ: kí ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ eegun náà. Tí èékánná ò bá fi àmì kankan sílẹ̀ lára rẹ̀, ó ti le ju ohun tí ajá lè fi eyín bá jà.

Òrùka mùdùnmúdùn tiẹ̀ tún ní ìjàǹbá tirẹ̀. Wọ́n gbé ajá Alsatian kan wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, itọ́ ń ya lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha ẹnu. Níbi tó ti ń wá mùdùnmúdùn lá, òrùka eegun ti yọ́ wọ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ti há sẹ́yìn eyín gígùn iwájú méjèèjì. Wọ́n ti fi òróró pa á, wọ́n ti fi ọṣẹ pa á, wọ́n ti fà á títí ẹran ìdí eyín fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Àfìgbà tí mo fi oògùn mú un sùn kí n tó rí ibi gbé ayùn sí. Bó bá jẹ́ pé odindi orí eegun ni ọmọọṣẹ́ alápatà tà fún wọn, kò bá ti sí ihò tó máa bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Eegun tó dáa wà, ọ̀dọ̀ yín náà ló sì wà. Ìgẹ̀ màlúù ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, èyí tí àwọn ọmọ yín ń pè ní bísíkẹ́ẹ̀tì: eegun rírọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹran wà lára rẹ̀, ajá á sì fi bí ìdajì wákàtí bá a fà á. Ọrùn ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn dáa, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lódindi. Eegun ìhà ewúrẹ́ dáa, ṣùgbọ́n ẹ má já a níkọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí mẹ́rin tàbí márùn-ún wà papọ̀ tẹran-tẹran, kí ajá lè ṣiṣẹ́ kó tó gbé e mì. Ìhà màlúù tó ti gbó yàtọ̀, ó le, n kì í fún ajá kékeré ní irú rẹ̀. Ìrù màlúù dáa ní oríkèé-oríkèé fún ajá tí kò tóbi, àmọ́ mo mọ̀ pé ọlọ́tí ò ní jẹ́ kó ṣẹ́ kù. Gògóńgò màlúù àti ọ̀nà èémí tó so mọ́ ọn dára púpọ̀ fún jíjẹ, nǹkan kan ló kàn wà níbẹ̀ tí ẹ ní láti gé kúrò: ẹran pupa méjì tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gògóńgò, irú èyí tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀ lára èèyàn. Ajá tó bá ń jẹ ẹran yẹn lemọ́lemọ́ a máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, torí omi ara tó wà nínú ẹran náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

Ní ti adìyẹ, bọ́rọ́ílà ni kí wọ́n rà, torí kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ tí wọ́n fi ń pa á, eegun rẹ̀ ò tíì gbó. Adìyẹ tó ti yé ẹyin títí tó fi dáwọ́ dúró kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀; eegun rẹ̀ a máa ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọrùn bọ́rọ́ílà tó ajá kékeré, àmọ́ ajá ńlá bíi Boerboel á gbé e mì bí ẹní gbé oògùn mì ni, kò ní fẹnu kàn án. Fún irú ajá bẹ́ẹ̀, odindi ẹ̀yìn adìyẹ tàbí ọrùn tòlótòló ni. Òfin tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí eegun gùn ju ẹnu ajá lọ láti imú dé ìsàlẹ̀ ojú, kó sì fẹ̀ ju ohun tó lè gbà lọ́fun. Tòlótòló dídì tó gba bodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Kútọnu ní tiẹ̀, òfin ò tilẹ̀ gbà á láyè, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye ìgbà tó ti yọ́ tó tún dì lójú ọ̀nà. Kí ó má dé abọ́ ajá.

Àǹfààní ńkọ́? Ó wà. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan ní Brazil tẹ ìwádìí jáde lórí ajá Beagle mẹ́jọ tí wọ́n fún ní eegun màlúù tútù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tó pọ̀ jù lára ìdọ̀tí líle tó ti gan mọ́ eyín wọn ti ṣí kúrò, orí eegun tó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú sì ṣiṣẹ́ ju agbede-méjì rẹ̀ tó le lọ. Kò sí eyín tó kán nínú ìwádìí náà. Ajá mẹ́jọ kéré, n kò ní fi búra, síbẹ̀, ní ti ìdọ̀tí eyín, ó bá ohun tí ojú mi ń rí mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, mo mọ̀ pé ẹ ń ka lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ kí ẹ tó la ẹnu: "Dókítà, mo mà bọ̀ ọ́ dáadáa o!" Ìṣòro gan-an nìyẹn. Omi wà nínú eegun tútù, okùn tín-ín-tìn-tín kan sì so ó pọ̀ tó fi lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣẹ́. Iná á gbẹ omi náà, á sì tú okùn náà. Òun ló máa ń dì sójú ọbẹ̀ bókòtò tó bá tutù. Eegun tó kù kò ní ohun tó so ó pọ̀ mọ́, tí eyín bá kàn án, á fọ́ sí ṣóńṣó. Lẹ́yìn Iléyá àti lẹ́yìn Kérésìmesì ni mo máa ń rí i jù: eegun àgbò díndín, eegun tòlótòló òde ìnáwó, tí wọ́n dà sílẹ̀ tòun ti ata àti àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà nìkan tó láti ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kódà eegun tí ilé iṣẹ́ yan gbẹ tí wọ́n sì dì tà kò mọ́wọ́: ní 2017, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa wọn lẹ́yìn tí wọ́n gba nǹkan bí ìròyìn 68 tó kan ajá bí 90, tí bí 15 sì kú nínú wọn.

Ọmọ ajá náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ra ọmọ Boerboel lówó gọbọi, tí ẹ sì ń fún un ní eegun, ní wàrà, ní oògùn kálísíọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà kó lè tètè tóbi, ẹ rọra. Ara ajá ńlá tó ṣì kéré kò mọ bó ṣe lè kọ kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù, eegun ara òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wọ́. Èyí tó bá sì ń jẹ ẹran nìkan láìsí eegun rárá, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà á rọ. Ẹ gbé e wá ká jọ wò ó. Ní ti àgbà ajá, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ti ń funfun tó sì ń rún bí ẹfun, eegun ti pọ̀ jù nìyẹn.

Bàbá Alága, ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé: fùkù tó ní kókó yẹn. Eyín ajá tó kán, ajá ló ni ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ wàyí, ilé gbogbo ló ni ín.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti rí kòkòrò ikọ́ fée ti màlúù lára ẹran tí wọ́n pa ní Bódìjà, nígbà tí odò ẹran ṣì wà níbẹ̀. Irú kókó tó ní ohun rẹ́súrẹ́sú nínú ni àmì tí dókítà ìjọba ń wá nínú fùkù. Ajá lè kó o, èèyàn náà sì lè kó o. Èkejì ni àpò omi tó máa ń wà lára ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù ẹran, tí àwọn ọmọ yín máa ń fi ọ̀bẹ gé kúrò tí wọ́n á jù sápá kan. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà lára ràkúnmí, màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Ọmọ aràn ló wà nínú omi náà. Tí ajá bá jẹ ẹ́, á di aràn kéékèèké nínú ìfun rẹ̀, kò gùn ju mìlímítà mélòó kan lọ, ara ajá á sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹyin aràn náà á bá ìgbẹ́ jáde, á lẹ̀ mọ́ irun ajá, ọmọdé á fọwọ́ pa á lára, á fi ọwọ́ kan náà mú búrẹ́dì. Nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ yẹn, ẹyin á wá di àpò omi irú èyí tí ẹ rí lára màlúù, á máa dàgbà jẹ́jẹ́ fún ọdún púpọ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń fi yọ ọ́.

Ẹ ò rí i pé àwọn ajá tó ń rìn kiri ibi tí wọ́n ti ń pẹran, tí gbogbo wa ń wò bí ajá lásán, ló ń jẹ èyí tó burú jù. Ohun tí dókítà ìjọba tàbí wolé-wolé bá ti kọ̀, sísun tàbí rírì mọ́lẹ̀ jìn-ìn-jìn ló tọ́ sí i. Kò gbọdọ̀ bọ́ sínú àpò eegun ajá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bọ́ sí gọ́tà.

Ohun tí mo ń tọrọ kò ju kí ẹ pa á láṣẹ ní ìpàdé pé kí àtẹ kọ̀ọ̀kan ní ọpọ́n kan tó ní ìdérí, lọ́tọ̀, fún eegun ajá. Ìgẹ̀, ọrùn, ìhà aláìjá àti gògóńgò tí wọ́n ti tún ṣe ni kó wà nínú rẹ̀, kó sì jẹ́ láti ara ẹran tí wọ́n ti lù ní òǹtẹ̀. Oríkèé ni kí wọ́n ti gé e, kì í ṣe kí wọ́n fi àáké fọ́ ọ. Èyí tí kò bá tà kó tó di alẹ́, kó má dúró di ọjọ́ kejì nínú oòrùn àti eṣinṣin. Iye tó bá jẹ́ ni kí ẹ dá lé e. Mi ò ní kí ẹ tà á ní ọ̀fẹ́. Ẹni tó ra ajá ní owó tó tó owó ilé ọdún kan, tó wá ń ná ọ̀rá eegun bí ẹni ná ewédú, ẹ fi í lé mi lọ́wọ́, èmi á bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olówó ajá, tẹ́ ẹ bá rà á délé, ẹ má fi ọ̀bẹ àti pákó tẹ́ ẹ fi ń gé ẹ̀fọ́ gé e. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Dídì nínú fíríìsà kì í pa Salmonella, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ a sì máa bà á jẹ́ sí i. Ẹ ra èyí tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà. Ilé tí aláboyún, ọmọ ọwọ́, arúgbó tàbí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ bá wà, ẹ fi eegun tútù sílẹ̀ pátápátá. Ní 2018, Yunifásítì Melbourne ní Ọsirélíà fi hàn pé adìyẹ tútù àti kòkòrò Campylobacter inú rẹ̀ bá àìsàn kan tan tó máa ń mú kí ẹsẹ̀ ajá kú mọ́ ọn lára, nítorí náà ọrùn adìyẹ kì í ṣe ohun tí à ń fún ajá lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ajá jẹun kí ẹ tó fún un ní eegun, torí ẹni tí ebi ń pa kì í rún. Ẹ jókòó tì í, ẹ gba èyí tó bá ti kéré tó gbígbémì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹran ni kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ má fipá já a gbà. Kí ọmọdé má sì súnmọ́ ọn rárá. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì forí lé ilé ìwòsàn lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má dúró de eléwé ọmọ.

Bàbá Alága, mo ṣe tán láti wá sí ìpàdé yín. Mo lè kó eegun tó dáa àti èyí tí kò dáa wá, kí àwọn ọmọọṣẹ́ fọwọ́ kan án, pẹ̀lú eyín ajá tí mo ti yọ, kí wọ́n rí ohun tí mo ń sọ. Wákàtí kan tó. Ẹ kàn jẹ́ kí ó bọ́ sí ọjọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀, kí ó sì jẹ́ lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú, torí mo mọ̀ pé kò sí alápatà tó máa fi àtẹ sílẹ̀ láàárọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Dókítà ẹran kan, Ìbàdàn